Bàbá Tó Ti Jagun: Bí A Ṣe Ń Gba Owó àti Ìtọ́jú Lọ́wọ́ Ìjọba ní Òṣogbo

Òṣogbo kún fún àwọn bàbá tó ti fojú rí ogun. Àwọn kan ja ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970. Àwọn kan bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dé Làìbéríà ní 1990, wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjá sí Sierra Leone. Àwọn tí orí wọn kò tíì hewú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Borno bọ̀ ni, níbi tí wọ́n ti kojú Boko Haram. Ẹ ó rí wọn ní Òkè-Fíà, ní Àlekúwodò, ní Òkè-Baálẹ̀, wọ́n gbé àga síwájú ilé, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ohun tó ń da ìdílé wọn láàmú ni pé kò sí ilé kan ṣoṣo nílùú yìí tí èèyàn lè mú bàbá wọ̀ pé ibí ni ìjọba ti ń tọ́jú ẹni tó jagun. Owó wà lẹ́nu ọ̀nà kan, ìtọ́jú ara wà lẹ́nu ọ̀nà mìíràn, ìtọ́jú ọkàn tún wà níbòmíràn. Ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó kàn yóò máa rìn kiri títí ara yóò fi kọ̀ fún un. Àwọn ọmọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí àwọn ló máa rin ìrìn náà. Bàbá yóò sọ pé kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀, pé Ọlọ́run mọ̀. Ẹ dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ wá lọ gbé fáìlì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tó ń sanwó

Military Pensions Board ní Àbújá ló ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ìbáà jẹ́ sójà orí ilẹ̀, ti ojú omi tàbí ti òfuurufú. Ẹ di orúkọ yẹn mú, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọmọ á gbọ́ lórí rédíò pé PTAD ń ṣe àyẹ̀wò fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, á gbé bàbá sórí ọ̀kadà, wọ́n á tò láti àárọ̀, wọ́n á sì sọ fún wọn lọ́sàn-án pé orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Kò lè sí níbẹ̀. PTAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, ló ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, níbi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń san owó ìfẹ̀yìntì, títí kan ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmíígíréṣọ̀n àti wọ́dà. Kò bá ológun ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń tọ́jú owó tí òṣìṣẹ́ ń dá pamọ́ lóṣooṣù de ọjọ́ ogbó. Òfin ti yọ ológun kúrò nínú ètò yẹn láti 2011. Ti ológun, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń san gbogbo rẹ̀, títí ọjọ́ ayé ẹni náà.

Owó yẹn gan-an nílò ojú tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀ka 173 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, ìjọba kéde àfikún 32,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́. Ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ owó ní báńkì, kí ẹ fi ti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 wé ti ìsinsìnyí. Tí iye náà kò bá yí padà, ẹ ní ọ̀rọ̀ láti kọ sí Àbújá. Ẹ̀ka òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ owó orí nínú rẹ̀.

Owó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Security Debarment Allowance, èyí tí wọ́n ń san fún ológun tó fẹ̀yìn tì kó má baà lọ lo ìmọ̀ iṣẹ́ ogun rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òun ni àwọn ajagunfẹ̀yìntì tìtorí rẹ̀ jáde sígboro Àbújá ní 2022. Gbogbo èèyàn kọ́ ló kàn: ọjọ́ tí bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Board tààrà, kí ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ bàbá àti ọjọ́ tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sínú lẹ́tà náà.

Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun wà ní Àbújá, pé òun lè mú owó àjẹsílẹ̀ bàbá jáde kíákíá tí ẹ bá fi nǹkan ránṣẹ́, olè ni. Kì í ṣe pé ó lè jẹ́ olè, olè ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò, wọn kì í sì í béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ATM lórí fóònù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé, ìwé, ìwé

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ohun tí kò sí nínú ìwé, ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Bàbá lè fi àpá ọta ìbọn ní itan han akọ̀wé, akọ̀wé á káàánú, á sì tún béèrè ìwé.

Àkọ́kọ́ ni ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní dísíṣáàjì. Ẹ ó bá a nísàlẹ̀ àpótí, nínú ọ̀rá, etí rẹ̀ ti jẹ, ìlà ibi tí wọ́n ti ń ká a ti fẹ́ ya. Ẹ má gbé ojúlówó rẹ̀ rìn mọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, títí kan àwọn tó dà bíi pé òfìfo ni, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní àwọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ ọmọ tí kì í gbé ilé.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ìwé owó oṣù ìkẹyìn, káàdì ìdánimọ̀ tí Board fún wọn, NIN, BVN, àti ìwé ìmọ̀ràn àwọn dókítà ológun tí wọ́n bá tìtorí ọgbẹ́ tàbí àìsàn dá bàbá sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ pé ojú ogun ni ẹsẹ̀ náà ti bàjẹ́, òun ló sì kọ ìwọ̀n ìpalára náà sílẹ̀. Owó ẹni tó fara gbọgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ìjọ̀ngbọ̀n ńlá. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tó wọṣẹ́ sójà ló fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ bàbá. Ẹ ó bá ìwé tó kà pé Raji Oshogbo, nígbà tí NIN ń kà pé Ràjí Adébáyọ̀, tí ti báńkì sì kọ Rajih. Fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù búra pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn, ẹ polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ wá mú un lọ sí báńkì àti ọ́fíìsì NIMC tó ń ṣe NIN kí gbogbo wọn lè di ọ̀kan. Orúkọ tó wà nínú ìwé iṣẹ́ ni kí ẹ mú gẹ́gẹ́ bí ìdúró, torí òun ló ṣòro jù láti yí padà.

Tí dísíṣáàjì bá ti sọnù tàbí jóná, ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ búra ní kọ́ọ̀tù, kí ẹ kọ lẹ́tà sí Army Records ní Lọ́kọ́jà tó bá jẹ́ sójà orí ilẹ̀ ni bàbá. Ibẹ̀ ni fáìlì wọn wà. Ti ojú omi àti ti òfuurufú yóò kọ sí olú iléeṣẹ́ tiwọn. Nọ́ńbà iṣẹ́ ni wọn yóò fi wá fáìlì náà. Bàbá tó ti gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè ka nọ́ńbà yẹn láì ṣi ẹyọ kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ta ni yóò sanwó ilé ìwòsàn?

Nígbà tí bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́, Defence Health Maintenance Limited, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera tí Ministry of Defence dá sílẹ̀, ló ń ṣètò ìtọ́jú wọn àti ti ìdílé. Ẹ má rò pé káàdì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ẹ kọ̀wé béèrè kí àìsàn tó dé, kì í ṣe lóru ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé bàbá ṣánlẹ̀. Tí wọ́n bá sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Tó bá jẹ́ Ìkẹjà ni, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá sí tòsí.

Ilé ìwòsàn ológun ńlá tó súnmọ́ wa ni ti 2 Division ní Ìbàdàn. Lókè rẹ̀, ẹ ní 68 Nigerian Army Reference Hospital ní Yaba, Èkó. Bárékè tó wà nítòsí wa jù ni ti Ẹdẹ, níbi tí àwọn sójà oníṣẹ́ ẹ̀rọ wà. Ẹ lè lọ béèrè níbẹ̀ bí ajagunfẹ̀yìntì ṣe ń gba lẹ́tà tí yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn. Kí bàbá fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Sójà a máa gbọ́ ti sójà.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, fún ìtọ́jú ojoojúmọ́, ilé ìwòsàn ìjọba inú ìlú ni ẹ ó máa lò. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti ní adójútòfò. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ níbí. Tí agbára bá wà, kí àwọn ọmọ dáwó jọ ra ètò O-HIS lọ́wọ́ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún bàbá àti ìyá. Ẹ béèrè oṣù tí wọn yóò fi dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà nínú rẹ̀. Tí agbára kò bá sí, owó kan wà tí òfin ìlera ti 2014 dá sílẹ̀, Basic Health Care Provision Fund, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn aláìní, àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù. Ẹ mú NIN lọ síbẹ̀, kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ forúkọ bàbá sílẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé àyè ti kún, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín de ìgbà mìíràn, kí ẹ sì padà lọ.

Fún àìsàn tó ju ti wọ́ọ̀dù lọ, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aṣúbíárò wà, UNIOSUN Teaching Hospital, tó ń jẹ́ LAUTECH tẹ́lẹ̀, náà wà. OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti Wesley Guild ní Iléṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́

Dókítà tó jókòó sí Aṣúbíárò kò mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú òun ti jagun rí, bàbá kò sì ní sọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ibi tí wọ́n ti jagun, ọdún rẹ̀, àti ohun tó bà wọ́n.

Tí irin kankan bá ṣì wà nínú ara wọn, ọta ìbọn tàbí àfọ́kù bọ́ǹbù, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé káàdì ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò MRI ní òòfà tó lágbára púpọ̀. Ó lè fa irin náà kúrò níbi tó sùn sí, ó sì lè ba iṣan tàbí ojú jẹ́. X-ray àti CT kò ní ewu yìí. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ tún un sọ fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ọta ìbọn tó wà nínú oríkèé, bíi orúnkún tàbí ìbàdí, tún lè máa tú òjé sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí inú bá ń run bàbá láìnídìí, tí ìgbẹ́ kò jáde, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dín kù, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀.

Etí ńkọ́? Ẹni tó bá dúró ti ìbọn ńlá rí, ariwo kan lè máa hó nínú etí rẹ̀ láìdákẹ́. A máa rò pé ọjọ́ orí ni, tàbí pé bàbá ń ṣe agídí. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ etí, imú àti ọ̀fun.

Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹsẹ̀ tó bá a mu. Ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì ṣì ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá níbẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà láti UNIOSUN tàbí Ifẹ̀ kí ẹ tó lọ. Lálaalẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú gígé náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi dígí yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí egbò tàbí ibi tó pọ́n, kí wọ́n má wọ ẹsẹ̀ náà títí yóò fi jinná, pàápàá tí bàbá bá ní ìtọ̀ ṣúgà. Tí wọ́n bá rù tàbí sanra, ẹsẹ̀ náà kò ní bá wọn mu mọ́. Ẹ má fi aṣọ àkísà dí i, ẹ dá a padà fún àwọn tó ṣe é.

Òfin àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá aláàbọ̀ ara lóhùn níbi tí èèyàn bá ti tò, ìbáà ṣe ní báńkì tàbí ilé ìwòsàn. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́ fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ogun tó bá wọn wálé

Mo wà níbi ìsìnkú kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí àwọn ọdẹ ti yin ṣakabùlà fún olóògbé. Bàbá kan ń jẹ iyán ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wa. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti wà lábẹ́ tábìlì, ọbẹ̀ ti dà sórí aṣọ ẹbí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń ki oríkì wọn wúyẹ́wúyẹ́ títí ọwọ́ wọn fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Ìyá yẹn mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀.

Àìsàn ni, ó lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn dókítà, PTSD ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀mí òkú ogun, kì í sì í ṣe ojo. Ẹ ó máa rí àlá burúkú tó ń tún ara rẹ̀ lá, ìtagìrì sí ariwo, ìbínú òjijì, àìfẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ibi kan tàbí lọ síbẹ̀, àìlèsùn, àti kí ọkàn èèyàn ya kúrò lára àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ni. Tó bá ti ju oṣù kan lọ, tó sì ń dí ìgbé ayé lọ́wọ́, ó ti tó gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè dákẹ́ fún ogún ọdún kó tún jí.

Nínú ilé, ẹ má fọwọ́ kan bàbá tó ń jà lójú oorun. Ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ẹ tan iná, ẹ pe orúkọ wọn, ẹ sọ ibi tí wọ́n wà: "Bàbá, Òṣogbo la wà, ilé ni." Tí òde kan bá fẹ́ yin ìbọn, tàbí tí àwọn ọmọ fẹ́ yin bángà lóṣù Kejìlá, ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ohun tí wọ́n bá ti retí kì í já wọn láyà tó bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ni mo máa ka fún yín: ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UNIOSUN, ti OAUTHC ní Ifẹ̀, àti Àrò ní Abẹ́òkúta. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ jù ni ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú oògùn bíi sertraline. Oògùn yẹn lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá a dúró pé kò ṣe nǹkan kan. Tramadol àti paraga tí bàbá fi ń wá oorun ń sọ àìsàn náà di méjì.

Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ló rọ́pò òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin aláàbọ̀ ara náà sọ pé ìtọ́jú ẹni tí àìlera ọpọlọ sọ di aláàbọ̀ ara jẹ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Òfin wà, owó kò tíì tẹ̀lé e tán. Síbẹ̀ ẹ béèrè òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ìdílé ní ilé ìwòsàn, kí ẹ dárúkọ òfin náà. Mo ti rí i kí wọ́n dín owó kù nítorí bẹ́ẹ̀.

Tí bàbá bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má dá wọn nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé ìbọn ọdẹ, oògùn apakòkòrò àti àpọ̀jù oògùn kúrò nílé, kí ẹ sì gbé bàbá lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹgbẹ́

Nigerian Legion, tí orúkọ rẹ̀ ti di Veterans Federation of Nigeria, ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí bàbá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọjọ́ àyẹ̀wò, àwọn ló sì ń rí gómìnà lójúkojú ní 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun. Gbogbo ọdún ni ìjọba máa ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn lọ́jọ́ yẹn; kí ẹgbẹ́ gbé ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Kí bàbá tó lọ

Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá, nígbà tí ara wọn le, ẹni tí wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí next of kin. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ti kú ní 1985. Ó lè jẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀. Nínú ilé olórogún, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, torí owó yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé tó ju ọ̀kan lọ. Kí wọ́n kọ̀wé sí Board láti tún un ṣe, kí ẹ sì gba èsì.

Tí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹ gba ìwé ikú ní ilé ìwòsàn, kí ẹ mú un lọ sí National Population Commission láti gba ìwé-ẹ̀rí ikú. Ẹ kọ̀wé sí Board pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá owó kan kù fún ẹbí. Wọ́n lè ní kí ẹ mú ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún wá. Ilé ẹjọ́ gíga Òṣogbo ni wọ́n ti ń gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi káàdì ATM bàbá gba owó oṣù tó bá wọlé lẹ́yìn ìsìnkú. Ìjọba yóò ka gbogbo rẹ̀, wọn yóò sì yọ ọ́ nínú ohun tó yẹ kó kan opó.